Ẹni Ọdún Mọ́kànlélọ́gbọ̀n Ni Mí, Kì í Ṣe Mọ́kànlélọ́gọ́ta

Orúkọ mi ni Ràfíátù. Mo ń kọ èyí fún ẹni tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé nǹkan kan ń wú lẹ́yìn ikùn rẹ̀, tí ó délé tí kò mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ fún. Mo ti wà nípò yẹn rí. N kì í ṣe dókítà, n kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ ìwé kíkà ni mo ń ṣe ní ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní Ring Road: bí òǹkọ̀wé bá kọ ìwé tán, èmi ni mo máa ń kà á láti wá àṣìṣe inú rẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ohun tí ojú mi rí nìkan ni mo lè sọ. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi rọ́pò ọ̀rọ̀ dókítà yín.

Inú ààwẹ̀ Rámádánì ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Tí a bá fẹ́ ṣínu, màá gbé àkàmù àti àkàrà síwájú, ebi á sì máa pa mí gidi, ṣùgbọ́n bí mo bá ti mu ṣíbí mẹ́ta, ikùn mi á ti kún bí ti ẹni tó jẹun nílé ìkómọ méjì lọ́jọ́ kan. Ọkọ mi, Mufútáù, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Hàlímà nítorí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí a bí, ni ó máa ń jẹ ìyókù. Ó ní, "Ìyá Hàlímà, ààwẹ̀ ti sọ ikùn rẹ di ti ẹyẹ." A jọ rẹ́rìn-ín. Ọdún ìtúnu ààwẹ̀ dé, a ṣọdún tán, ikùn mi kò padà sí bó ṣe wà.

Lẹ́yìn náà ni ìrora dé. Kì í ṣe ìrora tí ń múni ké. Ó kàn wà níbẹ̀ ni, lókè ìdodo, ó sì ń gba inú lọ sí ẹ̀yìn, pàápàá bí mo bá jókòó ti ìwé fún wákàtí mélòó kan. Ẹni tí ń ta oògùn ní òpópónà wa ní Akóbo sọ pé ọgbẹ́ inú ni, ó fún mi ní oògùn olómi funfun kan. Mo mu ún fún oṣù méjì. Mo fi ata sílẹ̀, mo fi kọfí sílẹ̀, ìrora kò fi mí sílẹ̀.

Ní ibi iṣẹ́, akẹgbẹ́ mi kan wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Àbúrò Hàlímà ti ń bọ̀ nìyẹn o." Inú mi dùn, nítorí a ti ń wá ọmọ kejì fún ọdún mẹ́ta. Mo ra ohun tí wọ́n fi ń yẹ ìtọ̀ wò, mo yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí oyún. Lọ́jọ́ kejì, bí mo ti wẹ̀ tán tí mo dùbúlẹ̀ láti fi òróró pa ara, ọwọ́ mi kan ohun líle kan lábẹ́ egungun ìhà òsì. Mo tẹ̀ ẹ́. Kò lọ, kò bọ̀. Mo rántí pé mo dìde, mo wọ aṣọ, mo lọ síbi iṣẹ́, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àṣìṣe tèmi nìyẹn. Ẹ má ṣe é.

Nígbà tí mo sọ ọ́, ọkọ mi kò bá mi jà. Ó ní, "Ọ̀la la máa lọ." A kírun àsùbáà tán, a wọ kẹ̀kẹ́ dé títì, a wọ máíkírà, takisí kékeré ìlú wa, lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ńlá kan. Mo rò pé a ti tètè dé. Àwọn tó ti wà níwájú wa lé ní ogójì. Wọ́n ń gba káàdì ní fèrèsé kan, wọ́n ń gba nọ́ńbà ní fèrèsé mìíràn, ẹni tó bá sì lọ tọ̀ láìsọ fún ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ti pàdánù àyè rẹ̀ nìyẹn. Orí bẹ́ǹṣì yẹn ni mo ti mọ Bàbá Àjàó, ará Ògbómọ̀ṣọ́, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Bódìjà. Àwọn náà ní ìrora lókè ìdodo. Wọ́n bá mi di àyè mi mú lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì fún mi nímọ̀ràn kan tí mo di mú títí: "Ọmọ mi, máa mú nǹkan jíjẹ dání, má sì máa wo aago. Aago ilé ìwòsàn yàtọ̀ sí tilé."

Dókítà tí a rí jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, oníṣẹ́ abẹ, tí ojú rẹ̀ ti rẹ̀. Ó fọwọ́ kan ikùn mi, ó ní kí a lọ ya àwòrán inú. Ní Ring Road ni a ti yà á. Àwòrán náà fi hàn pé kókó kan tó tó ọsàn mímu wà lára ẹ̀yà ara kan tó sá sẹ́yìn ikùn. Páńkíríásì ni wọ́n ń pè é. Mo bi ìyá mi ní orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá, wọ́n ní àwọn ti ń pa ẹran iléyá láti kékeré, àwọn kò mọ̀ ọ́n rí. Ohun tí dókítà sọ fún mi ni pé ẹ̀yà ara náà ní í ṣètò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, òun sì ní í ràn wá lọ́wọ́ kí oúnjẹ lè dà.

Wọ́n fi abẹ́rẹ́ gígùn kan fa díẹ̀ jáde nínú kókó náà. Àwọn òṣìṣẹ́ láàbù ilé ìwòsàn wà nínú ìyanṣẹ́lódì nígbà náà, nítorí náà dókítà kọ ìwé, ó ní kí a gbé e lọ sí láàbù aládàáni kan ní Challenge. Ọ̀sẹ̀ méjì àti ọjọ́ mẹ́ta ni a fi dúró. Nígbà tí èsì dé, dókítà kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbójú sókè.

Ó ní, "Jẹjẹrẹ ni."

Ọkọ mi ní, "Ẹ gé e kúrò."

"Irú èyí tí wọ́n kọ síbí, kì í sábà gbọ́ ti ọ̀bẹ, bàbá. Ó tún fara ti iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá kan. Oògùn tí a ń fà sínú iṣan ni mo lè fún wọn, kó lè fi ọjọ́ díẹ̀ kún ọjọ́."

Mo bi í pé ọjọ́ mélòó. Ó ní Ọlọ́run ló mọ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ní ètò tí mo fẹ́ ṣe nílé, kí n má fi falẹ̀. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́. N kò bínú sí i.

A kò wọ mọ́tò. A rìn. A rìn láti ibẹ̀ títí a fi dé ọjà Bódìjà. Ọkọ mi ra omi inú ike, ó gbìyànjú láti ṣí i, kò ṣí, èmi ni mo gbà á tí mo ṣí i. Nígbà tí a délé, Hàlímà, tó jẹ́ ọmọ ọdún méje nígbà náà, ń ṣiṣẹ́ àṣetiléwá. Mo kó àwọn aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ jáde, mo tú etí wọn níkọ̀ọ̀kan, mo sì tún wọn rán kí wọ́n lè gùn tó ìwọ̀n tí yóò wọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, àti lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ó ní, "Mọ́mì, wọ́n ti gùn jù." Mo ní, "O máa ga."

Lọ́jọ́ Àìkú, mọ̀lẹ́bí pé sílé wa. Ìyá mi ti wá láti Ìgbòho. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, Àǹtí Sikírá, tí wọ́n ń ta táyà ní Ìwó Road, gbé kẹ́ẹ̀gì àgbo kan wá àti ìgò hàǹtú méjì, omi tí ààfáà fi fọ àdúà tí ó kọ sára wàláà. Àǹtí Sikírá kì í ṣe ẹni tí ń fi ẹnu lásán fẹ́ràn ènìyàn. Nígbà tí mo bí Hàlímà, àwọn ni wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù wọn pa fún ogójì ọjọ́.

Wọ́n ní, "Ràfíátù, ẹni tó po èyí, òun ló po ti ìyá ọ̀rẹ́ mi ní Ọ̀yọ́. Ìyá náà ń rìn kiri dòní."

Mo ní, "Àǹtí, ṣé irú tèmi ló ṣe ìyá náà?"

"Jẹjẹrẹ ni jẹjẹrẹ ń jẹ́. Dókítà fúnra rẹ̀ ní kò sí nǹkan tí òun lè ṣe. Kí lo tún ń bẹ̀rù?"

Ìyá mi ló sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Wọ́n wá ní, "Jẹ́ ká lọ sílé ní Ìgbòho. Bí yóò bá san, yóò san nílé. Bí kò bá sì san..." Wọ́n dìde, wọ́n lọ fọ abọ́ tí kò dọ̀tí.

Mo mu àgbo náà, mo sì sún oògùn tí dókítà fẹ́ fà sí mi síwájú. Mo fẹ́ kí ẹni tí ń ka èyí mọ̀ pé èmi, tí mo kàwé, tí mò ń fi ìwé kíkà jẹun, mo mu ún, nítorí ẹ̀rù ń bà mí, n kò sì fẹ́ kó jẹ́ pé èmi ni mo kọ̀ láti gbìyànjú. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi mu ún. Ní ọjọ́ kẹwàá, mò ń bì, ojú mi sì ti pọ́n bí epo. Wọ́n dá mi dúró fún ọjọ́ márùn-ún ní ilé ìwòsàn kékeré kan lẹ́bàá ilé wa, wọ́n ń fa omi sí mi lára. Dókítà ibẹ̀ ní ẹ̀dọ̀ mi ló ń jìyà ohun tí mo mu. Àdúà kò pa mí lára; ó gbé mi ró. Ohun tí n kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ló fẹ́ pa mí kí àìsàn tó pa mí.

Orí bẹ́ẹ̀dì yẹn ni nǹkan ti yí padà. Ìwé èsì àyẹ̀wò wà nínú báàgì mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fún wa, n kò tíì kà á. Mo ti kàn ń rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ náà sì ti bo gbogbo ìyókù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹrin, tí nǹkan sú mi, mo mú bírò, mo sì kà á bí mo ṣe ń ka ìwé níbi iṣẹ́, láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, láìfo ọ̀kankan. Orúkọ mi: ó pé. Obìnrin: bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ orí: mọ́kànlélọ́gọ́ta.

Mo fa igi sí i nídìí. Mo tún wò ó.

"Bàbá Hàlímà, ẹ wá wo ibí."

Ọkọ mi wò ó. Ó ní, "Ọwọ́ ló ṣì. Ṣé a kò rí i pé orúkọ rẹ ni?" Ṣùgbọ́n ó mú ẹ̀dà ìwé tí dókítà fi rán wa sí láàbù jáde. Dókítà ti fi ìkánjú kọ ọjọ́ orí mi ní nọ́ńbà, 31. Ìdí ẹẹ́ta náà ti pa dé, ó sì dà bí ẹẹ́fà. Ọkọ mi ní, "Ó tán. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn."

Mo ní, "Ìwé tí àṣìṣe bá wà lójú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀, n kì í fọkàn tán ojú ewé kejì."

Ẹ̀rù ìrètí bà mí ju ẹ̀rù ikú lọ lọ́sẹ̀ náà. Ó ti ń mọ́ mi lára pé mò ń lọ. Ó ṣòro láti tún bẹ̀rẹ̀ sí í dúró.

A padà sọ́dọ̀ oníṣẹ́ abẹ. Ó wo ìwé náà, ó ní, "Màdáámù, ẹran ara ni wọ́n wò, wọn kò wo ọjọ́ orí."

Mo ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́. Níbi iṣẹ́ wa, ènìyàn méjì ní í ka ìwé kí a tó tẹ̀ ẹ́. Ẹni mélòó ló ka tèmi?"

Ó tún wo ìsàlẹ̀ ìwé. Ìfọwọ́sí kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ó ti mọ̀ pé ọ̀dọ́ ni mí, ó ti rí mi lójúkojú, ṣùgbọ́n ìwé ló ti ń bá sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà. Mo yìn ín fún ohun tó ṣe lẹ́yìn náà, nítorí ẹlòmíràn ì bá bínú. Ó ní, "Ìyanṣẹ́lódì ti parí. Ẹ lọ gba búlọ́ọ̀kù àti dígí yín ní Challenge, kí ẹ gbé e lọ sí láàbù tiwa lókè lọ́hùn-ún. Màmá kan wà níbẹ̀ tó ti ń wo irú nǹkan yìí kí wọ́n tó bí mi."

Jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀. Ẹran ara tí wọ́n bá fà lára yín kì í ṣègbé. Wọ́n á rì í sínú ìda, á gan bí àbẹ́là. Èyí ni búlọ́ọ̀kù. Wọ́n á wá fá a fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ dígí pẹlẹbẹ, wọ́n á rẹ ẹ́ láró, wọ́n á fi máíkírósíkópù wò ó. Ẹ lè bèèrè fún un, kí ẹlòmíràn tún un wò.

Akọ̀wé láàbù náà kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní àwọn kì í fi í lé aláìsàn lọ́wọ́. Ọkọ mi, tí kì í gbóhùn sókè, fa àga kan, ó jókòó. Ó ní, "Àbúrò, ara ìyàwó mi ni. A ó dúró." A dúró láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ti ilẹ̀kùn, wọ́n fi owú wé e, wọ́n fi sínú àpò ìwé, a sì fọwọ́ sí i. Nínú máíkírà, mo gbé e lé itan. Kò wúwo tó kọ́kọ́rọ́ ilé.

Dókítà àgbà tí ń yẹ ẹran ara wò náà jẹ́ obìnrin kan tí irun wọn ti funfun, tí wọ́n fi okùn so awò ojú kọ́rùn. Ó yẹ kí a fi nǹkan náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ni, ṣùgbọ́n akọ̀wé ti lọ jẹun, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ṣí ilẹ̀kùn.

"Ta ló ni ín?"

"Èmi ni, mà."

Wọ́n wò mí, wọ́n wo ìwé, wọ́n tún wò mí. "Ọmọ ọdún mélòó ni yín?"

"Mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mà."

Wọ́n ní kí a wọlé. Wọ́n ti dígí náà bọ abẹ́ máíkírósíkópù, wọ́n sì tẹ̀ sórí rẹ̀. Mo ń gbọ́ fáànù. Ọkọ mi ń ka tẹ̀sùbáà lábẹ́ aṣọ. Ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó gbórí sókè.

Wọ́n ní, "Ẹni tó kọ́kọ́ kà á kò purọ́ o. Ohun tí abẹ́rẹ́ fà kéré. Ó rí nǹkan tí kò hàn tó, ó wá bi ara rẹ̀ pé, kí ló máa ń ṣe obìnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún níbí yìí? Ó dáhùn ìbéèrè tí wọ́n fún un. Ká ní wọ́n sọ fún un pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni, ìbéèrè mìíràn ni ì bá bi ara rẹ̀."

Mo ní, "Mà, ṣé ọjọ́ orí wà nínú ohun tí ẹ fi ń kà á ni?"

"Ṣé ẹ lè túmọ̀ ọ̀rọ̀ kan láìka gbólóhùn tó wà nínú rẹ̀?"

Mo ní rárá.

Wọ́n dìde lórí àga, wọ́n ní kí n wá wò. Mo ti bẹ̀rù pé ohun burúkú ni màá rí, ohun dúdú, ohun tó ní ẹsẹ̀. Ohun tí mo rí jẹ́ àwọ̀ òsùn fẹ́ẹ́rẹ́ àti àwọ̀ àlùkò, àwọn nǹkan róbótó kéékèèké tó yí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ká bí ìtànná. Wọ́n ní ọ̀pá yẹn ni iṣan ẹ̀jẹ̀. Àwọn tó bá sún mọ́ ọn á dúró, àwọn tó bá jìnnà á máa já bọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀, àwọn kò tíì rí ju díẹ̀ lọ ní gbogbo ọdún tí àwọn ti wà lẹ́nu iṣẹ́, àti pé àwọn ọ̀dọ́bìnrin ló sábà máa ń mú.

Wọ́n wá yára gbọ́wọ́ sókè. "N kò tíì sọ nǹkan kan fún yín o. Aró ojoojúmọ́ ni wọ́n fi rẹ èyí. Ó ku aró méjì tí mo fẹ́ fi wò ó, Èkó la ó ti rí i. Èmi nìkan kọ́ ni màá sì kà á. Ẹ má tíì lọ pe ará ilé."

Ọjọ́ mọ́kànlá ni a fi dúró. A kò pe ará ilé. Ìyá mi rí i lójú mi pé nǹkan ń lọ, wọn kò bi mí. Wọ́n kàn dẹ́kun dídi ẹrù sí Ìgbòho.

Ìwé kejì ní ìfọwọ́sí méjì. Ọjọ́ orí mi ni mo kọ́kọ́ wò: ó pé. Oníṣẹ́ abẹ ka ìyókù, ó sì jókòó dáadáa. Ó ní kì í ṣe irú jẹjẹrẹ tí wọ́n kọ́kọ́ kọ, irú kókó yìí kì í sáré, ó lè fara ti iṣan láìjẹ ẹ́, àti pé bí a bá gé e tán pátápátá, ọ̀pọ̀ ẹni tó ní i kì í tún rí i mọ́. Ó ní, "Mi ò lè búra fún yín. Ṣùgbọ́n ìdí wà fún ọ̀bẹ báyìí." Ó tún ní, "Màdáámù, ẹ ṣeun." Ọ̀rọ̀ yẹn ṣòro fún dókítà láti sọ, mo sì mọ iyì rẹ̀.

Ogun tó kù wà nílé. Àǹtí Sikírá kò fẹ́ gbọ́ orúkọ iṣẹ́ abẹ. Wọ́n ní, "Àwọn kan náà tó ní kò ṣeé gé, àwọn ló tún ní ó ṣeé gé? Bí ọ̀bẹ bá kàn án, á fọ́n ká." Mo ṣàlàyé títí ó fi rẹ̀ mí. Wọ́n bínú jáde. Ilé ìwòsàn ní kí a mú ènìyàn mẹ́ta wá tí yóò fún mi ní ẹ̀jẹ̀. Ọkọ mi fún mi, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan náà fún mi. Ẹnì kẹta tí a rí, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ, a bá Àǹtí Sikírá lórí bẹ́ǹṣì níbi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n ti ká apá aṣọ sókè.

Wọ́n ní, "N kò gbà pẹ̀lú yín o, n kò sì tíì gbà. Ṣùgbọ́n bí ẹ ó bá ṣe é, ẹ kò ní fi ẹ̀jẹ̀ ẹni tí a kò mọ̀ ṣe é."

Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n ní kí n dìde, ilẹ̀ ọ̀hún dọ̀tí.

Wákàtí márùn-ún ni wọ́n lò. Wọ́n gé kókó náà pẹ̀lú ìrù páńkíríásì àti ẹ̀yà ara kan tó wà nítòsí rẹ̀, tí ń bá ara gbógun ti àìsàn. Nígbà tí mo jí, páìpù wà níhà mi, òùngbẹ sì ń gbẹ mí débi pé mo lá omi lára owú. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le. N kò ní parọ́ fún yín. Bí mo bá wúkọ́, ó dà bí ẹni pé wọ́n tún ń là mí. Páìpù náà kò kúrò títí ó fi di ọjọ́ kẹrìnlélógún. Ìyá mi ni wọ́n ń fi kànrìnkàn wẹ̀ mí, wọ́n sì ń fi ẹ̀kọ mímu bọ́ mi ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń tọ́ ọmọ tuntun. Gbogbo kókó náà tún lọ sábẹ́ máíkírósíkópù, èsì sì dé pé ohun kan náà ni, etí ibi tí wọ́n gé sí sì mọ́.

N kò lè sọ ìtàn yìí kí n má sọ ti Bàbá Àjàó. Ìwé tiwọn dé ní oṣù kan náà pẹ̀lú tèmi, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí mo rí ojú àánú gbà, mo sọ fún wọn pé kí àwọn náà jẹ́ kí ẹlòmíràn tún tiwọn kà. Wọ́n gbé e lọ. Èsì kejì bá ti àkọ́kọ́ mu. Ojú tì mí, bí ẹni pé èmi ni mo tàn wọ́n jẹ. Mo pè wọ́n láti tọrọ àforíjì.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìwọ kò ṣe mí ní ibi. Mo ti mọ̀ báyìí. N kò ní máa jí láràárọ̀ kí n máa rò pé bóyá wọ́n ṣì í. Mo lè jókòó ti àwọn ọmọ ọmọ mi pẹ̀lú ọkàn kan." Wọ́n gba oògùn ìrora, wọ́n lọ sílé, wọ́n ṣètò ohun tí wọ́n fẹ́ ṣètò, wọ́n sì sùn ní àsìkò àgbàdo tuntun. Ọmọ wọn ní wọ́n kò jìyà púpọ̀ ní ìparí. Nítorí náà, bí mo bá ní kí ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un kà, n kò sọ pé èsì yóò yí padà. Ó lè má yí padà. Ṣùgbọ́n ẹ ó mọ ohun tí ẹ ń bá jà, ẹ ó sì mọ bí ẹ ó ṣe bá a jà.

Ó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù kẹrin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ọgbẹ́ ikùn mi gùn láti igbá àyà dé ìdodo, ó máa ń yún mi ní ìgbà ọyẹ́. N kò lè jẹun púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan; mo máa ń jẹ díẹ̀díẹ̀ ní ìgbà márùn-ún lójúmọ́. Mo máa ń yẹ ṣúgà ara mi wò, bí ibà bá sì kàn mí díẹ̀, n kì í dúró de ọ̀la. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni mò ń ya àwòrán inú. Ọ̀sẹ̀ tí mo bá ń retí èsì, n kì í lè sùn dáadáa, n kò sì rò pé ìyẹn yóò kúrò. Èyí tó kẹ́yìn dé lóṣù tó kọjá. Kò sí nǹkan níbẹ̀.

Nígbà tí mo gba èsì yẹn, mo gun àtẹ̀gùn lọ sí òkè láti lọ kí dókítà àgbà. Mo ti fẹ́ lọ láti ọdún tí mo ṣe é, ojú ló ń tì mí. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ dókítà mẹ́ta níṣẹ́ nígbà náà, gbogbo wọn tẹ̀ sórí máíkírósíkópù. Mo ní, "Mà, ẹ lè má rántí mi. Èmi ni ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n yẹn." Wọ́n bọ́ awò ojú wọn.

Wọ́n ní, "Aláìsàn kì í wá síbí. Ẹ̀yin la ń rí, ṣùgbọ́n ìwọ̀n èékánná kan péré lára yín. A kì í mọ ìgbẹ̀yìn rẹ̀." Wọ́n bi mí pé ṣé mò ń jẹun, ṣé mò ń sùn, ọmọ mi ti wà ní kíláàsì wo. Mo dáhùn gbogbo rẹ̀. Wọ́n wá yíjú sí àwọn ọ̀dọ́ náà, wọ́n ní, "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Dígí tí mo fi hàn yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ wá wo ẹni tó ni ín."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dìde, wọ́n sì wá kí mi níkọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí wọ́n ń kí ará ilé tó dé láti ìrìn àjò.